Yàrá Tí Ilé Méjì Ń Lò

Apá ẹ̀rọ ti nà dé ojú àwo tí wọ́n kó ohùn gbogbo ìdílé ìlú sí, ó ń dúró de àṣẹ, kí Fadérera tó rí i pé nọ́ńbà méjì tó wà níwájú òun jọra.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó tún un wọ̀. Nọ́ńbà náà kò yí padà. Ní apá òsì ojú ẹ̀rọ ni òpin ilé Ọlágùnjú wà. Ní apá ọ̀tún ni ìbẹ̀rẹ̀ ilé Abíọ́nà, tó tẹ̀lé e lórí àwo, wà. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún méjèèjì, bí ẹni tó kọ́ ilé méjì fún onílé méjì, tó wá fi yàrá kan náà ṣe ìyẹ̀wù fún ti ìṣáájú, tó sì fi ṣe pálọ̀ fún ti èkejì.

"Ìyá Àwo, mo ti ṣe tán," ni ẹ̀rọ náà wí. Ohùn olùkọ́bìnrin kan tó ti dolóògbé ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, kò sì sí ìgbà tó sọ̀rọ̀ tí kò dà bí ẹni pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ ènìyàn. "Ẹ pàṣẹ, kí n pa á rẹ́."

"Ní sùúrù."

"Ẹ ní kí n ní sùúrù. Ìgbà kẹrin rèé láti òwúrọ̀."

Ọyẹ́ ń fẹ́ lóde. Wọ́n ti fi aṣọ òwú dí gbogbo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn Ilé Àwo, ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní àárín gbùngbùn Arárọ̀mí Òkè, nítorí àwo kò fẹ́ eruku. Apá tó ń kà á kì í fi ara kan ojú rẹ̀. Àlàfo tó wà láàrin wọn kò nípọn tó irun orí kan. Bí hóró eruku kan ṣoṣo bá há síbẹ̀, odidi ìdílé lè fọ́ yángá. Ó ku wákàtí méjì kí oòrùn kan àtàrí. Kí ó tó kan àtàrí ni wọ́n ní kí Ọlágùnjú ti parẹ́, torí òfin ní bí ẹni tí wọ́n lé nílùú bá ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kí wọ́n pa ohùn ilé rẹ̀ rẹ́ lórí àwo.

Ilẹ̀kùn dún. Ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà rẹ̀ sí ìta, ó gbọn aṣọ rẹ̀ dáadáa kí ó tó kọjá ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, bí wọ́n ti ń kọ́ gbogbo ọmọ ìlú náà láti kékeré. Tinúadé ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlágùnjú bí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"O ò gbọdọ̀ wọlé síbí, Tinúadé. Ìta ni ẹbí máa ń dúró."

"Mo mọ̀, mà. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti wà níta. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní bí mo bá pẹ́ sí i lórí òkúta yẹn, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ ilé wa." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò bọ́ sí i. "Ṣé ẹ ti pa wọ́n rẹ́ ni, mà?"

"Rárá."

"Ẹ ṣeun, mà. Òfin ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó fi yàrá wọn fún ọmọ tuntun. Ẹ̀tọ́ mi ni mo wá gbà."

"Ibo lo fẹ́ gbọ́?"

"Ibi tí wọ́n ti ń ka àtẹ̀gùn."

Fadérera wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé atọ́ka, ó tẹ̀ ẹ́. Apá ẹ̀rọ fò lọ síbẹ̀. Apá kì í wá nǹkan kiri bí ènìyàn tó sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù. A ó sọ nọ́ńbà yàrá fún un, á sì bọ́ síbẹ̀ tààrà. Yàrá òdo ni ti àkọ́kọ́ nínú àwo, yàrá oókan tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò tẹ̀léra wọn títí dé etí. Yàrá kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà ẹgbàajì ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ohùn ènìyàn ni a kó sí i, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni.

"Oókan," ni ohùn ọkùnrin kan wí láti inú gbohùngbohùn. "Gbé ẹsẹ̀ kejì. Eéjì. Má wo ìsàlẹ̀, èmi ni kí o máa wò. Ẹẹ́ta! Ta ló bí ọmọ alágbára báyìí?" Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Tinúadé fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ti bàbá àgbà ńkọ́? Èyí tí wọ́n torí ẹ̀ lé bàbá mi."

"Ìyẹn kò sí nínú ẹ̀tọ́ rẹ."

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, mà."

Kò yẹ kí Fadérera gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí nọ́ńbà náà tipẹ́, nítorí yàrá náà gan-an ni ó ń wò láti òwúrọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn àgbàlagbà kan jáde, ó tutù, ó sì dá ṣáká: "... ilé yìí, àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, àti kànga ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí mo fi gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́ nínú àwọn ọmọ mi méjèèjì ni..."

Lẹ́yìn náà ni ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń da iyanrìn gbígbẹ sórí páànù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ó dákẹ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìró iyanrìn yẹn ní Arárọ̀mí Òkè. Ohùn ìkẹyìn olórí ilé, ẹ̀yìn pátápátá àyè ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó o sí, kí ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn lè bọ́ sí yàrá tó gbẹ̀yìn. Inú yàrá ohùn ni á ti sọ ọ́, òun nìkan, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣẹ́jú sí i. Ó di ẹ̀yìn ìsìnkú kí wọ́n tó ṣí i fún ẹbí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí olóògbé bá ti parí ọ̀rọ̀, tó ti mí kanlẹ̀, iyanrìn á dún. Àwọn àgbà sọ pé ẹsẹ̀ òkú ni, pé ó ń rìn lórí iyanrìn èbúté kejì. Wọ́n pè é ní Ìró Ìrékọjá. Bí ó bá ti ń dún, gbogbo ilé á tẹrí ba.

Ti bàbá Ọlágùnjú nìkan ni kò dúró kí ọ̀rọ̀ parí. Bàbá náà kì í fi èémí ṣòfò, orúkọ ni ó fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀, iyanrìn sì jẹ orúkọ náà. Òfin ní bí olóògbé kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, àkọ́bí ló ni ilé. Ọlágùnjú ni àkọ́bí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni èkejì. Ọlágùnjú yìí kan náà ni ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ilé wọlé sí Ilé Àwo ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ṣí ohùn náà. Ó ní àárò bàbá òun ló sọ òun, pé ẹ̀rù bà òun, òun sì jáde láì tẹ nǹkan kan. Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Wọ́n ní ó pa orúkọ àbúrò rẹ̀ rẹ́. Wọ́n gba ilé, wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sí Etí Omi, níbi tí òkun ti mu ìlú àwọn baba wa dé ọrùn, láti máa fa páànù àti irin jáde nínú omi iyọ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí lọ́jọ́ yẹn," ni Tinúadé wí. "Mẹ́tàlélógún ni mí báyìí, mà. Iyanrìn yẹn ṣì ń dún létí mi bí mo bá ń jẹun." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹ lè máa ṣe iṣẹ́ yín."

Ó jáde lọ wọ bàtà rẹ̀.

Fadérera ti ilẹ̀kùn, ó tún tẹ aṣọ òwú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé eruku ni ó ń bà á lẹ́rù. Kọ́kọ́rọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí ohùn ilé náà. Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé kan gbọ́ ti ilé mìíràn, iyanrìn ni yóò gbọ́. Òun nìkan ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ti ilé Ọlágùnjú kúrò, ó fi ti ilé Abíọ́nà sí i, ó sì ní kí apá má kúrò níbi tó wà.

"Yàrá kan náà ni," ni ẹ̀rọ wí. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Kà á."

Kò sí iyanrìn. Ọkùnrin kan ló bú sẹ́rìn-ín nínú gbohùngbohùn, ẹ̀rín ẹni tí oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ o! Ilé Abíọ́nà rèé. Ṣé ó ti ń gbà á sílẹ̀ ni?" Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ó tán.

Fadérera wá àga, ó jókòó.

Ọdún tí àwo tuntun gòkè wá ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀ọ́dúnrún ilé ó lé méjìlá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín àyè fún láàrin ọjọ́ mẹ́jọ, torí àwo àtijọ́ ti ń ké bí ìgbín tí wọ́n fi sórí iná. Ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yàrá fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé kìíní bẹ̀rẹ̀ ní òdo, nítorí náà yóò parí ní ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó dín ẹyọ kan. Títí dé ibẹ̀, kò ṣìnà. Ibo wá ni kí ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀? Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, bí ó bá sì ti rẹ ènìyàn, kíkà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni yóò máa kà. Ẹní ni ìyá rẹ̀ ń hun, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ó ń ná. Orí ìka ni ó ti kọ́ Fadérera: bí a bá ná ọjà lónìí, òní ni oókan, ọ̀la ni eéjì, ọ̀túnla ni ẹẹ́ta, kí a tó dé ọjọ́ kẹrin, ní ọjọ́ karùn-ún a tún ná an. Ọjọ́ karùn-ún yẹn ló ti ilẹ̀kùn tẹ̀yìn, òun náà ló ṣí ilẹ̀kùn tiwájú. Ọjọ́ kan, iṣẹ́ méjì. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Àwọn baba ńlá wa kà á bẹ́ẹ̀, ọjà kò sì já ara wọn lulẹ̀ rí.

Ó fi kíkà ọjọ́ ọjà pín àwo. Ibi tí ilé kan parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ó ti ní kí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe nìkan ni, ọkàn rẹ̀ ì bá rí ibi fara tì. Àṣìṣe kò kan ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni Fadérera tí gbogbo ìlú mọ̀ sí onímọ̀ ìṣirò? Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ dé, ẹgbẹ̀rún gíìgì, ìyẹn òṣùwọ̀n ẹrù tí àwo lè gbà, ni wọ́n kọ sí i lára, ẹ̀rọ sì ní òun kò rí ju 931 lọ. Ìlú gbé ariwo: olè! Wọ́n ti bù ú jẹ lójú ọ̀nà! Fadérera tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ló gun orí àpáta, ó ní kò sí olè. Àwọn tó ṣe àwo ń di ẹrù wọn ní ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ ń fi ìlọ́po méjì kà: méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí yóò fi dé ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rìnlélógún, kí ó tó pè é ní ìdì kan. Ìdì ẹ̀rọ tóbi jù, ìdí rèé tí iye rẹ̀ fi kéré. "Iṣu kan náà ni," ó ní, "apẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀." Ìlú pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ ju ojú ara wọn lọ.

Ó gba àjèjì tó ṣe àwo lọ́wọ́ orúkọ olè. Nígbà tó kan ọmọ ìlú rẹ̀, tí wọ́n bi í ní ìgbìmọ̀ pé, "Ìyá Àwo, ṣé kò lè jẹ́ pé ìṣirò ló ṣì?" ó rántí bí òun ti dáhùn. Ó rántí pé òun rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìṣirò kì í purọ́," ó ní. Nǹkan kan sì ta á láyà ní ìṣẹ́jú náà, tó ní kí ó lọ wo ìwé odi, èyí tó fi pààlà ilé sí ilé lórí àwo, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pè é ní àárẹ̀. Ó lọ sílé lọ jẹun.

"Ìyá Àwo," ni ẹ̀rọ wí, "oòrùn ń gòkè."

Ó dìde, ó lọ wá Olórí ìlú.

Ẹ̀yìn Ilé Àwo, níbi tí àpáta ti dá ọyẹ́ dúró, ni Olórí Oyèkànmí máa ń jókòó sí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bọ̀ọ̀lì ni ó ń jẹ, ó to ẹ̀pà sí orí itan rẹ̀.

"Fadérera, wá jẹun."

"Mo ti yó, Bàbá."

"Ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀ ti yó. Ìṣirò wo nìyẹn?"

"Bàbá, ọdún mẹ́sàn-án Ọlágùnjú kò tíì pé."

Olórí dá ẹnu dúró. Fadérera gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń lọ geere bí omi tó rí ọ̀nà, ojú sì ń tì í pé ó ń lọ geere. Ó ní ọmọ Ọlágùnjú jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ náà, mẹ́tàlélógún ló jẹ́ lónìí.

"Ẹ yọ ọ́ wò, Bàbá."

"Mẹ́jọ."

"Ọdún tí wọ́n lé e gan-an ni a kà ní oókan. Àwọn baba wa ló ń kà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin àwo ni òfin yìí, òdo sì ni àwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kà á bí àwo ti ń kà, ó ku ọdún kan fún un."

Olórí bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi já bọ́ lórí itan rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí nídìí àwo, òní ni Fadérera wá rántí pé òdo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ó sì dúró lágbede méjì. Ó wo ojú obìnrin náà. "Kí ló rán ọ létí lónìí?"

Fadérera tẹjú mọ́ ẹ̀pà tó wà nílẹ̀.

"Fadérera. Nígbà tí o ń pín àwo, báwo lo ṣe kà á?"

Ó lè purọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti hó, ó ti jinná. Ohun tó jáde ni: "Bí wọ́n ti ń ka ọjọ́ ọjà, Bàbá."

Olórí gbé bọ̀ọ̀lì sílẹ̀. "Ilé mélòó?"

"Gbogbo èyí tí mo fi ọwọ́ mi pín."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín wà níbẹ̀."

"Iyanrìn tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ ìyá mi." Kò gbé ohùn sókè. "Kí ni?"

"Ilé tó tẹ̀lé tiyín ni, Bàbá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ń kí ara wọn ni."

"Àràárọ̀ ni mo máa ń tẹrí ba fún un."

Fadérera wólẹ̀. Ọkùnrin arúgbó náà ń ṣa ẹ̀pà tó já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣà á pẹ̀lú ìṣọ́ra bí ẹni pé wọ́n á bi í léèrè iye rẹ̀. Nígbà tó ṣà á tán, ó mú ìwé àṣẹ, ó kọ ọdún kan sí i fún Ọlágùnjú, ó tẹ àǹtẹ̀.

"Gbà. Ohun tí o wá tọrọ nìyí. Láàrin ọdún kan, wàá máa tún odi náà ṣe ní jẹ́jẹ́, ilé kan lónìí, ilé kan lọ́la. Lẹ́yìn náà a ó wá ọ̀nà tí a ó gbà dá ọkùnrin náà láre."

"Kí a sọ pé kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà?"

"A ó wá nǹkan sọ."

"Bàbá, òun kọ́ ló ṣe é."

"Mo gbọ́ ọ. Àwọn ilé yòókù ńkọ́? Ṣé kí n pe ìlú jọ, kí n sọ pé gbogbo òkú tí ẹ ń tẹrí ba fún, ẹ̀rín aládùúgbò ni? Ìwọ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi lónìí, Fadérera, mo sì gbà á bí àgbà. Má lọ gba ti àwọn yòókù." Ó yí ojú sí àpáta. "Pa ẹnu mọ́. Àṣẹ ni."

Bí Fadérera ti ń padà bọ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́, èyí sì ni ohun tó bà á lẹ́rù jù lọ. Wọn kò ní pa ọkùnrin náà rẹ́. Wọn kò ní dárúkọ òun. Ọ̀gá rẹ̀ ti pàṣẹ fún un, ta ni òun tí yóò kọ àṣẹ? Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó mọ̀ pé òun ń rìn kíákíá bí ẹni tó ń sá.

Tinúadé dìde lórí òkúta. Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà. Ó wá ké tòò, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó gbàgbé, ó tún kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Fadérera mú.

"Ìyá mi! Ìyá mi, ẹ ṣé o! Ọmọ yín kò ní sin yín ní àìpé ọjọ́. Ọ̀nà yín á máa là. Àwọn tó ní ẹ ò láàánú, ojú á tì wọ́n!"

"Dìde, Tinúadé."

"N ò dìde, mà. Ẹ jẹ́ kí n kí yín. Ọdún mẹ́jọ ni ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe wá lóore."

Ìyìn tí kò tọ́ síni, bí ata lójú ni. Fadérera gbìyànjú láti yọ ẹsẹ̀, ọmọbìnrin náà kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan ni ó fi dì í mú, ó fi èkejì na àpótí ìpè tó wà lára ògiri, ó ń tẹ Etí Omi. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn kò fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìpè. Fèrè ńlá kan ló wà lórí òpó láàrin omi. Ohun tí ènìyàn bá bá ẹnìkan sọ, gbogbo ẹni tó wà nínú omi ló ń gbọ́ ọ.

"Bàbá mi! Wọ́n ti fún yín ní ọdún kan sí i! Ìyá Àwo ló bá wa bẹ̀bẹ̀!"

Ìgbì omi ló kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo àwọn ènìyàn tó ń hó, tí wọ́n ń fi irin lu irin. Ẹnìkan ń pariwo pé kí Ọlágùnjú má gbàgbé àwọn o. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tó ti há. Bí kì í bá ṣe pé Fadérera ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ níbi tó ti ń ka àtẹ̀gùn, kì bá tí mọ̀ pé ẹni kan náà ni.

"Ṣé Ìyá Àwo wà níbẹ̀? Ẹ kú àánú mi, mà. Ọlọ́run á san án fún yín."

Fadérera na ọwọ́, ó gba àpótí ìpè.

"Ọlágùnjú, èmi Fadérera nìyí. Má kí mi. Èmi ni mo pín yàrá ilé yín. Mo kà á bí ọjọ́ ọjà. Mo fi ìparí ti bàbá rẹ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ilé Abíọ́nà. Nígbà tí ará ilé Abíọ́nà kọ́kọ́ la ẹnu sọ̀rọ̀, orí orúkọ tí bàbá rẹ dá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ lé. Ìró Ìrékọjá kò sí. Èmi ni mo ṣe é ní gbogbo ilé. Wọ́n bi mí ní ìgbìmọ̀, n kò sì wò ó."

Ariwo irin ti dúró. Ìgbì nìkan ló kù.

"Orúkọ wo ni bàbá mi dá?" ni Ọlágùnjú béèrè.

"N kò mọ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀."

Ọwọ́ tó di ẹsẹ̀ Fadérera mú kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò mọ ìgbà tí Tinúadé mú un kúrò.

"Mà," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò. "Mo ti gbà pé èmi ni. Ní ọdún kẹta tí mo débí ni mo ti gbà á. Mo rò ó, mo rò ó, mo wá rí i bí ìka mi ti tẹ nǹkan. Mo mọ ìka tó jẹ́. Mo ti ń fi tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ bàbá mi. Kí ni mo wá tẹ̀?"

"O kò tẹ nǹkan kan."

"Mo rí i, mà. Mo rántí rẹ̀ dáadáa."

"Ọlágùnjú, o kò tẹ nǹkan kan."

"Ẹ tún un sọ."

Lẹ́yìn rẹ̀, Fadérera gbọ́ ẹsẹ̀ Olórí tó ń sáré bọ̀ lórí òkúta, ó gbọ́ tó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò yíjú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí náà mú.

"O kò tẹ nǹkan kan," ni ó tún wí, ó sì ń wí i lọ, nítorí ọkùnrin náà kò tíì sọ pé ó tó.